Ta Ló Gbé Ìwé Máàkì Mi?

Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ṣòfò fún mi, mo sì mọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i. Kò sí olè nínú wọn. Ká ní olè wà níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn: èèyàn á figbe ta, àdúgbò á dìde. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe tèmi, àdúrà ni wọ́n ń gbà fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti gba NCE wà nílùú wa ní Òkè Ògùn, níbi tí títì ọlọ́dà parí sí. Lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, oko kaṣú ló kù. Nígbà tí mo ṣe tán, mo fẹ́ tẹ̀ síwájú sí yunifásítì kan ní Èkó. Ẹni tó bá ní NCE kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ìpele kejì ló máa wọ̀, bí yunifásítì bá ti rí ìwé máàkì rẹ̀. Ìwé máàkì là ń pè é nílé. Tiransikíríìpù lorúkọ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Gbogbo máàkì téèyàn gbà ló wà níbẹ̀, èyí tó dáa àtèyí tó ń tini lójú. Òfin rẹ̀ sì le: kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí yunifásítì, nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ gbà á, ará ilé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé òfin yìí. Ọkùnrin tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, pé kó máa gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí Èkó fúnra rẹ̀, kò gbàgbé rẹ̀. Òun ló kà á sí mi létí.

Mo wá sí Agége, sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin. Àǹtí ń ta ike: garawa, abọ́, kẹ́tùrù, àwọn àga tí wọ́n ń kì bọ ara wọn. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé. Inú pálọ̀ ni mò ń sùn, láàárín àwọn garawa tí kò rí ààyè nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí n má baà jókòó tẹtẹrẹ, mo wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkejà, wọ́n sì gbà mí ní kásúà.

Ẹni tí kò bá ṣe kásúà rí lè rò pé iṣẹ́ ni. Láàárọ̀, a ó tò síwájú géètì, súpáfáìsọ̀ á jáde, á máa nàka: ìwọ, ìwọ, ìwọ oníhìjáàbù dúdú yẹn. Ẹni tí ìka náà bá fò, kó gbọ̀nà ilé. Ìka yẹn sì lójú. Bí o bá pa ọjọ́ kan péré jẹ, ó lè má rí ọ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹlòmíì ti wà ní ìdí bẹ́líìtì tí o ti ń to bisikíìtì sínú páálí. Ọjọ́ iṣẹ́ ni yunifásítì ń ṣílẹ̀kùn, fóònù tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ síta kò sì sẹ́ni tó ń gbé e. Bí mo bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo ní láti fi àyè mi ní géètì ta tẹ́tẹ́. Mo ka èyí mọ́ ìwà ìkà. Mi ò tíì yí ọkàn mi padà.

Mo pe ọkùnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ọmọ ìlú wa ni, mọ́ṣáláṣí kan náà lòun àti bàbá mi ti ń kírun.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ìwé máàkì mi ni mo ń tìtorí rẹ̀ pè."

"Ìwọ ọmọ Káfíńtà! Ìlú Èkó ńkọ́?"

"Ó wà, sà. Ìwé náà ńkọ́?"

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Fọkàn balẹ̀."

"Ṣé yunifásítì lẹ fi ránṣẹ́ sí, sà?"

"Mo ní fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò nígbàgbọ́."

Ó pa fóònù. Ẹ wo ìdáhùn yẹn dáadáa. Mo béèrè ibi tí nǹkan wà, ó sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn ni ara ti ń fu mí.

Mo pa iṣẹ́ jẹ, mo lọ sí yunifásítì. Obìnrin tó wà lórí káńtà ń fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń tẹ ikùn ọmọ tí kò yágbẹ́.

"Kò sí níbí."

"Wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́, mà."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo?"

Mo sọ ọ́. Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀. "Ẹ gbọ́ orúkọ ìlú o! Ṣé Nàìjíríà náà ni?" Ẹnìkejì ní, "Ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbé ẹran ìgbẹ́ wá." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó wá sọ fún mi, láìwojú mi, pé àwọn á ti fáìlì pa lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá tíì dé, ọdún mìíràn ni.

Mo bi í pé: ẹ̀yin kò lè pè wọ́n ni?

"Ṣé iṣẹ́ tèmi nìyẹn? Gbogbo àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì inú igbó wọ̀nyí, bákan náà ni wọ́n rí. Wọn ò ní fi ránṣẹ́, wọ́n á ní àwọn ti fi ránṣẹ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí èèyàn mọ̀, tó sì jókòó tì í lọ́dọọdún láìgbé fóònù, irú òótọ́ wo nìyẹn?

Nígbà tí mo padà sí géètì, ìka náà fò mí. Nígbà tí súpáfáìsọ̀ wá tún rí mi, ó pariwo sí gbogbo wa létí: "Ẹ yàgò o, Pròfẹ́sọ̀ ti dé! Ṣé yunifásítì ti lé ẹ padà ni? Wá to bisikíìtì jàre. Bisikíìtì ò béèrè ìwé máàkì." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ìka ọ̀la.

Àárín ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kíyè sí Àǹtí.

Bí mo bá wọlé tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ á relẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo dúró sí ẹ̀yìn kọ́tìnnì, mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi: "Ó ti dé ọwọ́ mi. Rárá o, mi ò tíì fi hàn án. Kò fura rárá." Kò fura rárá! Bí mo ṣe yọjú, ó yí ọ̀rọ̀ padà sí iye tí garawa dà lọ́jà.

Lẹ́yìn náà ni ti kọ́bọ́ọ̀dù. Mò ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, Àǹtí sì sáré jáde láti yàrá.

"Má gbá ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn o!"

"Kí ló wà níbẹ̀, Àǹtí?"

"Eku ni. Èmi fúnra mi ni mo máa gbá a."

Láti ìgbà tí mo ti dé ilé rẹ̀, mi ò rí ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Àǹtí rí. Mo dúró dìgbà tó lọ ṣọ́ọ̀bù, mo yọjú wò ó. Nǹkan pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, tó fẹ̀ bí àwòrán ara ògiri, tí wọ́n fi ìborùn wé tí wọ́n sì so ó pinpin. Mi ò tú u. Bí mo bá tú u, á mọ̀. Ìdè ọwọ́ Àǹtí kò ṣeé dì padà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ro ó. Ta ló máa jẹ àǹfààní bí mi ò bá wọ yunifásítì? Ta ni mò ń bá gbé ike ní ọjọ́ ìsinmi? Ta ni mò ń fọṣọ fún? Ta ló sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ọmọ onílé wa, tí bàbá rẹ̀ ní ilé jákèjádò àdúgbò, kò tíì níyàwó, "ó sì máa ń bi mí nípa rẹ"? Mo pinnu pé fọ́tò mi ló wà nínú ìborùn yẹn, pé wọ́n fẹ́ gbé e fún ìdílé onílé. Pé Àǹtí ti bá ọkùnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ̀rọ̀ kó dá ìwé mi dúró. Mo pe bàbá mi. Òun náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ohùn.

"Bàbá, fáìlì máa tì lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ìwé mi ò dé."

"Gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sí i. Àwa ń bọ̀."

"Ẹ ń bọ̀ wá ṣe kí ni?"

"Ọmọdé kì í béèrè bẹ́ẹ̀ yẹn."

Mo fi bàbá mi náà kún wọn.

Ọjọ́ Àlàmísì, tí ó ku ọ̀la tí fáìlì máa tì, mo dé láti ibiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, mo rí bàtà lọ́nà. Ó pọ̀ débi pé mo ní láti gbé ẹsẹ̀ kọjá orí wọn. Mo ní: wọ́n ti wá tọrọ mi. Mo wọlé. Bàbá mi jókòó pẹ̀lú agbádá tó máa ń wọ̀ sí Ìléyá, àwọn ará ìlú wa tó ń gbé ní Agége jókòó yí i ká lórí àga ike tí Àǹtí kò tíì tà, ààfáà sì wà ní igun. Mi ò rí ọmọ onílé. Ìyẹn gan-an tún mú kí ara fu mí sí i.

"Jókòó," ni bàbá mi wí.

Mo kúnlẹ̀. Àǹtí wọ yàrá, ó gbé nǹkan pẹlẹbẹ náà jáde bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Bàbá mi tú ìborùn.

Ìwé máàkì mi ni.

Ó wà nínú fírémù. Igi dáadáa, bàbá mi ló gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ó fá igun rẹ̀ títí ó fi ń dán, ó fi gíláàsì bo ojú rẹ̀. Lábẹ́ gíláàsì, ìwé náà ń tàn yanran, nítorí pé wọ́n ti láminéètì rẹ̀ kí òjò má baà pa á lọ́nà. Gbogbo máàkì mi wà níbẹ̀ fún gbogbo ìlú láti wò, títí kan D tí mo gbà nínú físíìsì.

"Ọmọ mi ti wọ yunifásítì!" ni bàbá mi ké. "Ẹ bá mi ṣe àmín!"

Gbogbo ilé ṣe àmín. Ààfáà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mi ò lè gbé ọwọ́ mi sókè.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan fún ẹni tí kò wá láti ọ̀dọ̀ wa. Nílùú wa, ìwé ayọ̀ kì í kọ́kọ́ dé ọwọ́ ọmọ tó ni ín. Bàbá ló ń gbà á. Wọ́n á fi pamọ́ fún ọmọ náà, wọ́n á gbé e wọ mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ṣàdúrà sí i kí ojú ayé tó rí i, kí wọ́n tó wá ṣí i níwájú rẹ̀ lójijì. Bí wọ́n ṣe ṣe ìwé ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn nígbà tó gba iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Nítorí náà ni Àǹtí ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ti ní ó lọ́wọ́ nínú bí ìwé mi ò ṣe dé, òótọ́ ni. Òun ló gbé e pamọ́.

Nígbà tí àdúrà parí, mo bi bàbá mi pé ta ló fún un.

"Ọ̀rẹ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní, Káfíńtà, ọmọ rẹ ti wọ yunifásítì, wá gba ìwé rẹ̀. Mo gbé ẹyẹ awó méjì lọ fún un."

"Ṣé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa nígbà tí ẹ gbà á?"

"Wọ́n lẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀bẹ ṣí i jẹ́jẹ́. Kò ya rárá."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú oníṣẹ́ ọwọ́.  Àwọn àlejò ti ń jẹun.

Láàárọ̀ Jímọ́ọ̀, mi ò lọ sí géètì. Èmi àti bàbá mi gbé fírémù náà lọ sí yunifásítì. Ó gbé e lé orí itan rẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì ń fi etí agbádá nu eruku ojú gíláàsì. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ òfin fún un nínú ilé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá wọn sọ̀rọ̀, pé àgbà á gbọ́ ti àgbà.

Obìnrin orí káńtà wo fírémù, ó wò mí, ó pe ẹnìkejì rẹ̀.

"Ẹ wá wò ó! Wọ́n gbé fọ́tò ìgbéyàwó wá fún wa."

"Ìwé máàkì rẹ̀ ni," ni bàbá mi dáhùn. "Ẹ kà á, ọmọ mi. Ó hàn kedere. Gíláàsì tó dáa ni."

"Bàbá, ta ló ṣí i?"

"Èmi ni. Ọmọ yìí kò fọwọ́ kàn án."

"Wọ́n tún láminéètì rẹ̀!" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, ohun tí ẹ ti ṣí, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹ ò yí máàkì padà?"

Bàbá mi ronú sí i. "Bí mo bá fẹ́ yí i," ló wí, "ṣé mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí D yẹn?"

Ẹnìkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ó ní bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá lè fi òmíràn ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì, òun á tẹ̀ ẹ́ jáde, òun á fi sínú fáìlì. Àṣé ó ṣeé ṣe! Àṣé láti ìgbà yìí wá, kò sẹ́ni tó rò ó kó sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe!

Mo pe ọkùnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò gbé e. Bàbá mi fi fóònù tirẹ̀ pè é, ó gbé e lójú ẹsẹ̀.

"Káfíńtà! Ṣé ẹ ti ṣayẹyẹ?"

Bàbá mi ṣàlàyé. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù: "Háà. Ẹ ṣí i kẹ̀? Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ bó ṣe wà ni. Mo ní kí n bá yín fi ṣe ìdùnnú ni. Ọ̀nà Èkó jìn. Ẹ wò ó, Jímọ́ọ̀ lòní, mo ti ti ọ́fíìsì, mo ti wà ní mọ́ṣáláṣí. Ó di ọjọ́ Ajé, ín ṣáà Allah."

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin yìí bó ṣe yẹ kí n tò ó. Ó mọ òfin, ó sì gbé ìwé náà fún ẹni tí kò lè ka òfin. Ó sọ fún bàbá mi pé mo ti wọ yunifásítì nígbà tí mi ò tíì wọ ibì kankan. Ó sọ fún mi pé ìwé ti kúrò lọ́wọ́ òun, kó má baà sọ ọwọ́ ẹni tó wà. Òun ló yẹ kó gbé ìwé wọ̀nyẹn wá sí Èkó fúnra rẹ̀. Ó jókòó sílé. Ó sì jẹ awó. Ìgbàkígbà tí mo bá dé ibi awó yìí, àyà mi á tún gbóná.

Wọ́n ti fáìlì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. A padà sí Agége. Nígbà tí a wọlé, ó fún Àǹtí ní fírémù, ó ní kó gbé e kọ́ ibi tó bá wù ú. Ó padà sí ìlú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo padà sí géètì. Mo to bisikíìtì títí ọdún fi yí po. Ní ọdún kejì, mo rin ìrìn àjò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo jókòó sí iwájú ọkùnrin náà títí ó fi fi ìwé mi ránṣẹ́ lójú mi. Ó ní mo ti gbéra ga. Mo wọlé, mo kàwé, mo jáde. Mo kọ̀wé ẹ̀sùn sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo kọ sí yunifásítì. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn títí di àárọ̀ yìí.

Fírémù náà ṣì wà ní pálọ̀ Àǹtí, lókè tẹlifíṣọ̀n. Àlejò kò ní jókòó tán kó tó fi hàn wọ́n. Bí mo bá lọ kí i, tí mo bá tẹjú mọ́ ògiri, á ní, "Má wulẹ̀ máa wò ó. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ. Kò ní tọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀." Òun náà ti ń fura sí mi.

Nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, bàbá mi pè mí. Ó ní kí n fi ránṣẹ́, igi fírémù ti wà nílẹ̀, òun ti fá a. Mo ní mò ń bọ̀. Ó tún pè ní Ìléyá, ó tún pè lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n mú un wá fúnra mi, òun kò ní ṣí nǹkan kan, èmi ni kí n ṣí i, òun á kàn dúró tì mí.

Mo ní mò ń bọ̀. Ìwé náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, nínú àpòòwé rẹ̀. Mi ò tíì fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.